Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kì í Dúró Kí Ìyá Rẹ̀ Tó Wó

Mo mọ̀ pé ewì lẹ máa ń retí lọ́wọ́ mi nínú ìwé wa yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí lẹ́ẹ̀kan yìí. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló wà lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ nínú mi ju ewì lọ.

Bí ẹ bá mọ Boundary, níbi tí Àpápá ti pàdé Ajégúnlẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ariwo ibẹ̀ kì í sinmi. Tírélà tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù ń fọn fèrè, kọ̀ndọ́ ń pe èrò, àwọn ìyá ọlọ́jà ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ló ń borí gbogbo wọn. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo jókòó sínú ọ̀kan nínú wọn, lórí béǹṣì onígi, fáànù kan ń yí bí ẹni tí oúnjẹ ò kánú, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé. Àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní kí ẹgbẹ́ tí òun fẹ́ràn ta àgbà agbábọ́ọ̀lù wọn dànù kíá, kí wọ́n ra ọmọ ọdún 19 sí ipò rẹ̀. Òmíràn ní irọ́ ńlá, kí wọ́n jẹ́ kí àgbà máa gbá a lọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó sí igun, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló wá dá sí i. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò tíì béèrè èyí tó yẹ. Wọn á ra ọmọdé, dandan ni. Ìgbà wo ni wọ́n máa rà á? Ta ló sì máa sọ fún àgbà?"

Ilé dákẹ́ díẹ̀. Èmi dákẹ́ jù wọ́n lọ, torí mo mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, mo sì mọ ohun tó ń sọ. N óò padà sórí ẹ̀gbọ́n yìí kí n tó fi kálámù sílẹ̀.

Àwọn baba wa ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ òkú la sábà máa ń pa òwe yìí sí, bí ẹni pé ọmọ ò ní iṣẹ́ kankan títí ìyá yóò fi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra yín. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró kí ìyá rẹ̀ tó wó kó tó yọ. Ìgbà tí ìyá ṣì dúró ṣánṣán, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, ni ọmọ ti ń yọrí nídìí rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jọ mu omi ilẹ̀ kan náà fún sáà kan. Nígbà tí wọ́n bá ti bẹ́ èso ìyá tán ni àgbẹ̀ á gé e, ilẹ̀ ò sì ní ṣófo. Ìtàn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa ti fi èyí hàn wá kedere, bí a bá fẹ́ rí i. Ẹ jẹ́ ká gba Ìbàdàn lọ.

Ní 1970 ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn tó wá di IICC Shooting Stars, èyí tí gbogbo wa ń pè ní 3SC. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yìí ló gbá bọ́ọ̀lù fún títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó kàwé ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, eré rẹ̀ ní ìṣirò nínú, àwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní "Mathematical". Ní 1976, IICC na Tonnerre ti Yaoundé ní àròpọ̀ góòlù 4 sí 2, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0, a sì gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí ló jẹ méjì nínú góòlù mẹ́ta yẹn. Múdà Láwàl, tí òun náà ń gbá bọ́ọ̀lù n'Ìbàdàn, ló jẹ ìkẹta. Lọ́dún yẹn kan náà, Shooting Stars tún gba líìgì.

Ẹ wò ó, ta ló jẹ́ gbẹ́nu lé e lọ́dún yẹn pé kí Ìbàdàn máa wá àrólé? Wọn á lé olúwa rẹ̀ dé Ọ̀jọ́ọ̀! Ọdẹ́gbàmí ò tíì pé 28. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tutù, èso wà lórí rẹ̀ gbìrìgbìrì.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1982, ọmọkùnrin kan wọlé wá láti Kàdúná. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ aṣọ tí wọ́n ń pè ní UNTL ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1963. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ìbọn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ràṣídì Yẹkínì ni. Ọdún tó dé yẹn ni òun pé 19, tí Ọdẹ́gbàmí sì pé 30.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹ̀gbẹ́ pápá ni Ọdẹ́gbàmí ń gbà, àárín iwájú ni Yẹkínì, pé ipò wọn ò papọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìbéèrè kan náà ni ẹgbẹ́ ń gbé ka iwájú àwọn méjèèjì: lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, ta ló máa jẹ góòlù? Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni àsìkò. Yẹkínì dé nígbà tí àgbà ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó gbé gbogbo ẹrù Ìbàdàn ka ọmọ ọdún 18 lórí lọ́jọ́ tó dé. Ó rí ẹni tó lè máa wò. Àwọn ọlọ́tàá ò lè kó gbogbo ẹ̀yìn wọn jọ ti òun nìkan. Ní 1983, pẹ̀lú àgbà àti ọmọdé nínú ẹgbẹ́ kan náà, Shooting Stars gba líìgì.

Líìgì yẹn ló gbé wọn dé ìdíje àwọn olúborí ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984. Wọ́n rìn títí wọ́n fi kan àṣekágbá pẹ̀lú Zamalek ti Íjíbítì. Zamalek na wọ́n 2-0 ní Káírò. Nígbà tí wọ́n dé Èkó ní oṣù Kejìlá, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ tú dà sí Sùúrùlérè. Zamalek tún na wọ́n 1-0. Ife tí wọ́n pàdánù yẹn, Nàìjíríà ò rí i gbà títí Enyimba fi gbé e wálé ní 2003. Ọdẹ́gbàmí ti pé 32. Ibẹ̀ ló bọ́ bàtà rẹ̀ sí.

Ó yẹ kí inú wa dùn níbí pé ọmọ ti wà nílẹ̀, pé Yẹkínì ọmọ ọdún 21 á gba ipò, àbí? Ibi tí ọ̀rọ̀ wọ́ sí nìyí. Lọ́dún 1984 yẹn náà ni Yẹkínì kúrò n'Ìbàdàn, tó gba Abẹ́òkúta lọ sí Abiola Babes, ẹgbẹ́ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá. Abiola Babes gba ife Challenge Cup ní 1985, wọ́n tún gbà á ní 1987. Ìbàdàn pàdánù ìyá, ó pàdánù ọmọ, láàárín ọdún kan ṣoṣo. Lóòótọ́, wọ́n gba ife CAF ní 1992, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n líìgì tí wọ́n gbà ní 1983, ọdún 12 gbáko ló gbà wọ́n kí wọ́n tó tún fojú kàn án, ní 1995.

N kò ní sọ pé nítorí Yẹkínì nìkan ni. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré ẹnì kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé Ìbàdàn gbin ọmọ lásìkò tó yẹ, ó kù kí wọ́n sọ ọgbà yí i ká. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jogún ilẹ̀, kó mọ̀ pé ewúrẹ́ aládùúgbò náà ń wò ó.

Ìtàn yìí kan náà lo gbọ́dọ̀ yí padà kí o tó rí òdìkejì rẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àná di ìyá. Yẹkínì lọ sí Africa Sports ti Abidjan ní 1987, ó sì dé Vitória Setúbal ní Pọtogí ní 1990. Ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 21 ló jẹ ní líìgì, kò sẹ́ni tó jẹ tó o. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó dáńtọ́ jù lọ, fún ọdún 1993. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ó jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ rí nínú Ife Àgbáyé, ó rọ̀ mọ́ àwọ̀n Bulgaria, ó ń ké. Ẹ̀yin tí wọn ò tíì bí lọ́dún náà pàápàá ti rí àwòrán yẹn. Lẹ́yìn ìdíje náà, Olympiacos ti Gíríìsì rà á. Setúbal tó kù lẹ́yìn ńkọ́? Nígbà tí sáà 1994 sí 1995 parí, wọ́n já sí ìpele kejì. Ẹni tó ń jẹ góòlù fún wọn ti lọ, àrólé ò sì tíì gbó.

Ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn òyìnbó kún un, torí àwọn ọmọ Arsenal pọ̀ nínú họ́ọ̀lù wa, wọn ò ní jẹ́ kí n sinmi bí n kò bá dárúkọ wọn. Ian Wright, tí ọdún kan náà bí òun àti Yẹkínì, ló ń jẹ góòlù fún Arsenal láti 1991. Ní oṣù kejì ọdún 1997, Wright ti lé ní 33, àmọ́ ó ṣì ń jẹ góòlù. Ìgbà yẹn gan-an ni Arsène Wenger lọ mú Nicolas Anelka wá láti Paris, ọmọ ọdún 17, pẹ̀lú ìdajì mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Wright kọjá iye góòlù tí ẹnikẹ́ni tíì jẹ rí fún ẹgbẹ́ náà. Kí sáà yẹn tó parí, ara rẹ̀ ti ń kọ̀ ọ́, ọmọdé sì ti ṣe tán. Ní àṣekágbá FA Cup ọdún 1998, Anelka jẹ góòlù, Wright wà lórí béǹṣì. Arsenal gba líìgì àti ife lọ́dún kan ṣoṣo. Nígbà tí Real Madrid wá fẹ́ gba Anelka ní 1999, owó tó lé ní mílíọ̀nù 22 pọ́n-ùn ni wọ́n san, Thierry Henry ló sì wọlé, ó bá Kánu tiwa níbẹ̀. Ẹ rí i pé Anelka náà lọ bí Yẹkínì ṣe lọ. Àmọ́ ẹni tó mú u lọ sanwó ọgbà, wọ́n sì fi owó náà gbin òmíràn.

Ó ku ìhà tí àwa ọ̀dọ́ kì í fẹ́ wò: àgbà fúnra rẹ̀. Ní 1998 Yẹkínì ti pé 34, ó ṣì bá Nàìjíríà lọ sí Ife Àgbáyé ní Faransé. Ní 2003, ó padà sí líìgì ilé wa, ọmọ ọdún 39, ó gba jẹ́sì Julius Berger l'Ékòó. Ní 2005, ó ti lé ní 41, ó tún wọ bàtà fún Gateway. Julius Berger yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àjèjì sí wa ní Boundary o. Ibẹ̀ ni Samson Siasia gbà kọjá, ibẹ̀ ni Taribo West gbà kọjá, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ náà ni Odion Ighalo gbà kí ó tó lọ sí Norway ní 2007. Lọ́dún tí Yẹkínì ń fi ẹsẹ̀ àgbà sáré fún Julius Berger, Ighalo ò ju ọmọ ọdún 14 lọ, ó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú eruku Ajégúnlẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì nínú ẹgbẹ́ kan náà. Mo máa ń ro ó pé, ká ní wọ́n jọ wà ńkọ́? Ká ní ọmọ yẹn jókòó ti àgbà yẹn ní sáà kan péré?

Yẹkínì kú n'Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2012, ọmọ ọdún 48. Góòlù 37 tó jẹ fún Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó tíì jẹ tó o nígbà tó kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni gbogbo wa wá rántí pé a ní ẹnì kan bẹ́ẹ̀.

Ighalo tiwa ṣe tirẹ̀ dáadáa. Ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2019, òun ló jẹ góòlù jù, márùn-ún. Ọmọ ọdún 20 kan wà lórí béǹṣì tó ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, Victor Osimhen, ọmọ Èkó tó ti ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀ rí. Nígbà tí a ń bá Tunisia du ipò kẹta, Ighalo jẹ góòlù kan ṣoṣo tó wọlé, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó jáde. Osimhen ló wọlé dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ìdíje náà, Ighalo ní òun ti ṣe tó. Ní 2023, Osimhen gba líìgì Ítálì pẹ̀lú Napoli, góòlù 26, wọ́n sì fi ṣe agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó dáńtọ́ jù lọ. Nínú gbogbo ìtàn tí mo mọ̀, èyí ló sún mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù lọ: ìyá ru èso dé ọjọ́ ìkẹyìn, ọmọ wà nídìí rẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti ṣèlérí pé n óò padà sórí ẹ̀gbọ́n tó wà ní igun.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 17, mò ń bá ẹgbẹ́ àdúgbò wa kan gbá bọ́ọ̀lù. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń wọ nọ́ńbà 9. Ó ti lé ní 30 díẹ̀, iṣẹ́ ẹrù ló ń ṣe ní wọ́ọ̀fù láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń kẹ̀yìn sí góòlù kí a tó yí padà bíi tirẹ̀. Ní Sátidé kan tí a ní àṣekágbá, àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbé nọ́ńbà 9 fún mi. Wọn ò sọ fún un. Ó dé, báàgì rẹ̀ wà léjìká, ó rí jẹ́sì lára mi. Kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó, ó wo bàtà rẹ̀, ó dá a padà sínú báàgì, ó lọ. Wọ́n nà wá lọ́jọ́ náà. Èmi ò jẹ góòlù kankan. Fún ọdún mẹ́rin, bí mo bá kí i, orí ló máa ń mì sí mi. Ohun tó mọ̀ yẹn, bí a ṣe ń yí padà, n kò rí i kọ́ láéláé. Bó ṣe di pé mo ń kọ ewì nìyẹn.

Lọ́jọ́ àríyànjiyàn yẹn, nígbà tí bọ́ọ̀lù parí tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú ilé. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú." Ó ní, "Dìde jàre. Kì í ṣe ìwọ. Wọn ò kàn sọ fún mi ni. Ká ní wọ́n sọ fún mi ní sáà kan ṣáájú, èmi fúnra mi ni ǹ bá kọ́ ẹ."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ìtàn tí mo sọ sẹ́yìn, gbólóhùn yẹn ló gbé e ró. Bí ẹ bá bi mí pé ìgbà wo ló yẹ kí ẹgbẹ́ ra àrólé, n óò ní: nígbà tí ìràwọ̀ wọn ṣì ń jẹ góòlù, bíi sáà méjì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wúwo. Ẹ sọ fún àgbà lójú ara rẹ̀, kó má baà jẹ́ lára jẹ́sì ni yóò ti kà á. Ẹ fi ìwé àdéhùn tó nípọn dá ọmọdé dúró, kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń gba Boundary kọjá mọ̀ pé kò sí ògiri láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Ọjà ló so wọ́n pọ̀, èèyàn á rìn díẹ̀ tí kò ní mọ èyí tí òun wà nínú méjèèjì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn láàárín àgbà àti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé tiwa yìí náà ńkọ́? Olóòtú wa ti wà ní ọdún àṣekágbá, òun nìkan ló mọ ibi tí fọ́tókọ́pì ti dínwó, òun nìkan ló mọ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ọdún kìíní, ẹ wá jókòó tì í ní sáà yìí, nígbà tó ṣì wà níbí. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìkéde. Ó dìgbà o.